Tánganran wà nílẹ̀ Jos lóòótọ́, àmọ́ ibo lowó àwọn tó dókòwò sí i gbà lọ?

Láti ìgbà tí ariwo lítíọ́mù ti gba Nasarawa kan, kò sí ìpàdé ẹgbẹ́ tí èèyàn máa lọ báyìí tí wọn ò ní sọ̀rọ̀ nípa iléeṣẹ́ ìwakùsà kékeré kan tó ń wá àwọn tó máa dáwó sí i. Ohun tí àwọn èèyàn wa sì máa ń kọ́kọ́ béèrè ni pé ṣé ohun tí wọ́n ní àwọn fẹ́ wà yẹn wà nínú ilẹ̀ lóòótọ́.

Ìbéèrè tó dáa ni. Àmọ́ kì í ṣe òun ló pa owó àwọn tó dókòwò sí tánganran ilẹ̀ Jos láyé àtijọ́. Tánganran wà níbẹ̀, ó wà rẹpẹtẹ, wọ́n sì wà á fún ohun tó lé ní ọgọ́rin ọdún. Ohun tó jẹ owó àwọn èèyàn ni ìnáwó tí wọn ò rí àti gbèsè tí wọn ò mọ̀ pé ó wà. Ìtàn yẹn ni mo fẹ́ sọ. Ó gùn díẹ̀, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Òyìnbó kọ́ ló kọ́kọ́ rí tánganran. Kí wọ́n tó dé, àwọn alágbẹ̀dẹ Liruei ti ń fọ̀ ọ́, wọ́n ń yọ́ ọ nínú iná, wọ́n sì ń tà á káàkiri ilẹ̀ Hausa. Kuza ni àwọn Hausa ń pe òkúta rẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbọ́ èdè méjèèjì, ẹ ó rí i pé ó jọ "kùsà" tí àwa náà ń pè tá a bá ní "ìwakùsà". Kọ́ńpìnnì George Goldie, ìyẹn Royal Niger Company, ló gbọ́ òórùn owó níbẹ̀, wọ́n sì ti ń wá ibi tí tánganran yẹn ti ń jáde kí wọ́n tó fi ìṣàkóso sílẹ̀.

Ní January 1900, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gba agbára ìṣàkóso lọ́wọ́ kọ́ńpìnnì náà, wọ́n sì san £865,000 fún wọn. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ ni pé nǹkan míì tún wà nínú àdéhùn yẹn. Bí ẹnikẹ́ni bá wa ohun àlùmọ́ọ́nì ní apá ńlá kan nílẹ̀ Àríwá, tí ilẹ̀ Jos wà nínú rẹ̀, ìdajì owó tó bá san fún ìjọba lórí rẹ̀ yóò máa lọ sápò Niger Company fún ọdún 99. Ẹ̀yin mọ ìṣákọ́lẹ̀ tí àlejò ń san fún onílẹ̀. Èyí jọ ọ́, àfi pé ẹni tó ń gbà á kì í ṣe onílẹ̀. Àwọn Birom tó ni ilẹ̀ kò sí nínú àdéhùn yẹn rárá. Títí di nǹkan bí ọdún 1950, nígbà tí ìjọba Nàìjíríà fi £1,000,000 ra ẹ̀tọ́ náà padà lọ́wọ́ UAC tó jogún rẹ̀, owó yẹn ń wọlé fún wọn láìgbé ṣọ́bìrì.

Nítorí náà, kọ́ńpìnnì kékeré tó bá dé Jos lẹ́yìn ìgbà yẹn ti jẹ ẹnì kan lówó kó tó gbẹ́ ihò àkọ́kọ́.

Láàárín 1909 sí 1912 ni London wá ya wèrè lórí tánganran Nàìjíríà. Iye rẹ̀ lọ́jà ti ń gòkè, nígbà tó sì fi máa di 1912 ó ti lé ní £200 fún tọ́ọ̀nù kan. Wọ́n ń dá kọ́ńpìnnì sílẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ò ní ju ilẹ̀ bíi mélòó kan lọ, àwọn tó ra ṣíà wọn kò sì lè fi ọwọ́ tọ́ka Bukuru lórí àwòrán ilẹ̀. Albert Calvert, ọkùnrin tó ti kọ ìwé láti polówó góòlù Ìwọ̀-oòrùn Australia ṣáájú, kọ ìwé ńlá kan nípa Nàìjíríà àti tánganran rẹ̀ nígbà yẹn. Àwọn èèyàn kà á, wọ́n sì ń fi ọwọ́ pa itọ́ ẹnu nù.

Ẹ jẹ́ ká wo bí owó ṣe ń rìn nínú irú kọ́ńpìnnì bẹ́ẹ̀. Àpẹẹrẹ lásán ni mo fẹ́ ṣe o, kì í ṣe ìwé ìṣirò ẹnì kan pàtó. Lágbájá gba ìwé àṣẹ láti wá tánganran lórí ilẹ̀ kan. Owó tó ná sí i kò tó nǹkan. Ó padà sí London, ó dá kọ́ńpìnnì sílẹ̀, ó ní ṣíà rẹ̀ jẹ́ 100,000, £1 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kọ́ńpìnnì tuntun yìí wá "ra" ilẹ̀ náà lọ́wọ́ Lágbájá kan náà tó dá a sílẹ̀: wọ́n fún un ní ṣíà 50,000, wọ́n sì tún ka £25,000 owó sí i lọ́wọ́. Àwọn ará ìlú ra ṣíà 50,000 tó kù, wọ́n san £50,000. Ẹ yọ £25,000 ti Lágbájá kúrò. Ẹ yọ, ká ní £5,000, ti àwọn tó bá a polówó ṣíà àti ti lọ́yà. £20,000 ló kù tó fẹ́ lọ sí Jos. Ẹni tó san £1 rò pé £1 òun ń lọ gbẹ́ ilẹ̀. Ṣílè mẹ́jọ péré ló ń lọ.

Bẹ́ẹ̀ ṣílè mẹ́jọ yẹn gan-an kò tíì dé ọ̀hún. Ọ́fíìsì wà ní London, akọ̀wé wà ńbẹ̀, àwọn dárẹ́kítọ̀ ń gba owó ìjókòó lọ́dọọdún, yálà wọ́n wa tánganran tàbí wọn ò wà á. Mánéjà òyìnbó fẹ́ wọkọ̀ ojú omi wá, ó fẹ́ ilé, ó fẹ́ ìsinmi padà sílé nítorí ibà.

Tí wọ́n bá wá dé Jos, omi ni ìṣòro. Tánganran ibẹ̀ wà nínú yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ tí odò ti gbé sílẹ̀ láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Omi ni wọ́n fi ń fọ̀ ọ́ kí yanrìn lè lọ kí ohun tó wúwo sì kù sílẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé Plateau mọ̀ pé láti bí October títí di April, òjò ti rékọjá, ọyẹ́ ti dé. Odò kékeré á gbẹ táútáú. Iṣẹ́ á dáwọ́ dúró tàbí kó falẹ̀, àmọ́ owó oṣù mánéjà kì í dáwọ́ dúró, èlé báńkì náà kì í gba ìsinmi. Àwọn kọ́ńpìnnì ńlá gbẹ́ ojú omi gígùn, wọ́n dí odò, nígbà tó yá wọ́n tiẹ̀ ń fi omi tó ń já láti orí àpáta ṣe iná mànàmáná. NESCO tó ṣì ń fún Bukuru níná dòní, ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ní 1929. Kọ́ńpìnnì kékeré kò lágbára irú ẹ̀. Ó máa ń dúró de òjò ni.

Bí wọ́n bá sì rí tánganran kó jọ, orí èèyàn ló máa gbé e. Kí ojú irin tó dé, àwọn aláàárù ló ń rù ú láti orí òkè lọ sí Loko létí odò Benue, kí ọkọ̀ ojú omi tó gbé e lọ sétí òkun. Ojú irin tóóró tó gba Zaria wá dé Bukuru ní nǹkan bí 1914. Ti Port Harcourt kò dé Jos títí di 1927. Láti ọjọ́ tí wọ́n bá ti fọ tánganran tán títí di ọjọ́ tí owó rẹ̀ máa wọlé, oṣù mélòó kan ti lọ. Ta ló ń bọ́ àwọn lébìrà láàárín ìgbà yẹn? Owó yíyá ni. Báyìí ni gbèsè ṣe ń wọlé wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ láìsí pé ẹnikẹ́ni jalè.

Nígbà tí owó bá tán pátá, wọ́n á pe àwọn onípìn-ín sí ìpàdé ní London, wọ́n á ní nǹkan fẹ́ẹ̀ẹ́ dáa, owó díẹ̀ sí i ló kù. Ọgbọ́n kan tó wọ́pọ̀ nígbà yẹn ni pé wọ́n á pa kọ́ńpìnnì àtijọ́ rẹ́, wọ́n á dá tuntun sílẹ̀ tó jọ ọ́ lórúkọ, wọ́n á fún onípìn-ín àtijọ́ ní ṣíà tuntun, àmọ́ yóò san àfikún lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bí o bá kọ̀ láti san án, ṣíà rẹ di òfo. Ìgbà yẹn ni àwọn èèyàn wá ń béèrè ohun tí wọ́n ná owó àkọ́kọ́ sí. Ìdáhùn wà nínú ìwé ìpolówó ṣíà tí wọ́n ti fún wọn láti ọjọ́ kìíní, nínú lẹ́tà wẹ́wẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò kà.

Ojú irin yìí kan náà ló gbé ọ̀pọ̀ nínú àwọn bàbá wa dé. Àwọn ará Ogbomoso ló mú ipò iwájú nínú òwò Yorùbá ní Jos, àwọn ará Offa, Ilorin àti Ọ̀yọ́ náà wà ńbẹ̀. Òwò aṣọ, iyọ̀, àwo, atùpà, kọjá sí iṣẹ́ akọ̀wé àti iṣẹ́ rélùwéè. Ẹni tó bá ń tajà ní àgọ́ ìwakùsà kò lè ṣe é kó má ta àwìn, torí ìparí oṣù ni wọ́n ń san owó lébìrà. Bí kọ́ńpìnnì bá wá lé àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, ẹni tó jẹ ọ́ lówó ti gba ìlú rẹ̀ lọ nìyẹn. Ẹ má rò pé gbèsè kọ́ńpìnnì máa ń dúró sí London. Ó máa ń rìn dé ìsọ̀ aláṣọ ní Terminus.

Ẹni tó bá ń rò pé àwọn kéékèèké nìkan ló ń kó sí irú pàkúté yìí, kó gbọ́ ti Lord Leverhulme, ọlọ́ṣẹ Sunlight. Ní 1920, owó ọjà gbogbo wà lókè téńté lẹ́yìn ogun. Lever fẹ́ ra Niger Company, kọ́ńpìnnì tó ń gba ìdajì owó tánganran yẹn. Ó san £6 àti ṣílè 10 fún ṣíà tó jẹ́ £1. Gbogbo rẹ̀ lé ní £8,000,000. Wọn ò fara balẹ̀ yẹ ìwé ìṣirò wò kí wọ́n tó fọwọ́ sí i. Lẹ́yìn tí wọ́n rà á tán ni wọ́n tó rí i pé Niger Company ti jẹ báńkì ní nǹkan bí £2,000,000. Kò pẹ́ rárá tí owó epo pupa, èkùrọ́ àti tánganran fi wó lulẹ̀, báńkì sì ní òun fẹ́ owó òun.

Ọlọ́ṣẹ tó lówó jù ní gbogbo Bìrìtìkó wá di ẹni tó ń sá káàkiri nítorí gbèsè tí kò jẹ. D'Arcy Cooper, oníṣirò owó, ni wọ́n ní kó wá tú u wò. Ó ṣe é débi pé nígbà tí Leverhulme kú ní 1925, òun ni wọ́n fi ṣe alága. Èmi máa ń rò ó pé bí ẹni tó ní lọ́yà àti oníṣirò tó tó báyẹn bá lè ra gbèsè láìmọ̀, kí ló dé tí a fi ń tijú láti ní kí wọ́n fi ìwé ìṣirò hàn wá.

Ìtàn John Howeson ló wá dùn jù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹkún ló parí sí fún àwọn kan. Láàárín 1925 sí 1930, òun àti Anglo-Oriental rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí kó àwọn kọ́ńpìnnì tánganran kéékèèké jọ, ní Malaya àti ní ilẹ̀ Jos níbí. Èrò rẹ̀ kò burú: ọ́fíìsì méjìlá ní London fún iṣẹ́ tí ẹyọ kan lè ṣe, ìnáwó asán ni. Àmọ́ owó tánganran ti ń wálẹ̀. Ní 1927 ó wà ní nǹkan bí £289, ní 1931 ó ti di nǹkan bí £118. Howeson wà lára àwọn tó ṣe agbátẹrù àdéhùn tí Malaya, Bolivia, àwọn erékùṣù Dutch àti Nàìjíríà ṣe ní 1931 pé kí kálukú dín ohun tó ń wà kù kí iye lè gòkè. Iye gòkè lóòótọ́ nígbà tó yá. Àmọ́ lórí òkè Plateau, dídín iṣẹ́ kù túmọ̀ sí kí wọ́n lé òṣìṣẹ́, àwọn tó kù sì ń gba owó tó kéré.

Ṣé ọgbọ́n pé ká dá ọjà sílé kó lè wọ́n yìí dùn mọ́ Howeson jù ni? Òun àti Garabed Bishirgian tún lọ dán an wò lórí ata. Bẹ́ẹ̀ ni o, ata funfun tí wọ́n ń wọ́n sórí ẹyin! Wọ́n ń ra gbogbo ata tó wà ní London. Kí wọ́n lè rówó ṣe é, ní 1934 wọ́n gba kọ́ńpìnnì kan tó ti pẹ́, James & Shakspeare, wọ́n sì ta ṣíà rẹ̀ fún aráàlú. Ìwé ìpolówó ṣíà náà kò sọ pé ata ni wọ́n fẹ́ fi owó náà rà, kò sì sọ bí ewu rẹ̀ ṣe tó. Ní February 1935, ọjà ata wó. Ní 1936, ilé ẹjọ́ rán Bishirgian, Howeson àti ẹnì kẹta wọn lọ sẹ́wọ̀n. Kì í ṣe torí pé wọ́n pàdánù owó, nítorí kò sẹ́ni tí kò lè pàdánù. Torí pé wọn ò sọ ohun tí wọ́n fẹ́ ná owó oníowó sí ni.

Lẹ́yìn wọn, ní 1939, wọ́n da àwọn kọ́ńpìnnì ilẹ̀ Jos tó wà lábẹ́ London Tin pọ̀ di Amalgamated Tin Mines of Nigeria. ATMN tí àwọn bàbá wa ń pè nìyẹn.

Ti ìkẹyìn, mi ò ní fà á gùn. Nàìjíríà wà nínú International Tin Council, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè tó ń ra tánganran pamọ́ kí owó rẹ̀ má bàa wálẹ̀. Wọ́n yá owó, wọ́n rà, wọ́n tún yá. Ní October 24, 1985, wọ́n kéde pé owó ti tán. Gbèsè náà tó £900,000,000. Lọ́jọ́ yẹn gan-an wọ́n ti ọjà tánganran pa ní London, iye rẹ̀ sì wálẹ̀ ju ìdajì lọ. Àwọn tí wọ́n jẹ lówó lọ sílé ẹjọ́, ilé ẹjọ́ tó ga jù sì sọ ní 1989 pé àwọn orílẹ̀-èdè ọmọ ẹgbẹ́ kò lọ́ràn láti san án, nítorí ẹgbẹ́ ló jẹ gbèsè, kì í ṣe wọn. £182,500,000 ni wọ́n fi bẹ àwọn olówó ní 1990. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Jos nígbà yẹn kò nílò kí n ròyìn bí Bukuru ṣe rí lẹ́yìn ọdún 1985.

Ẹ wá jẹ́ ká bọ̀ sórí lítíọ́mù, góòlù àti òkúta olówó iyebíye tí wọ́n ń bá wa sọ báyìí. Òfin ti yàtọ̀. Ìjọba àpapọ̀ ló ni gbogbo ohun àlùmọ́ọ́nì, ọ́fíìsì Mining Cadastre ní Abuja ló sì ń fúnni ní ìwé àṣẹ. Owó ọdọọdún wà lórí ìwé àṣẹ kọ̀ọ̀kan. Ní November 2023, ìjọba gba ìwé àṣẹ 1,633 padà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nítorí pé àwọn tó ni wọ́n kò san owó yẹn. Ẹ ronú sí i. Ẹni tó dá ₦500,000 sí irú kọ́ńpìnnì bẹ́ẹ̀, lítíọ́mù lè wà lábẹ́ ilẹ̀ yẹn títí di òní o. Gbèsè owó ọdọọdún ló lé e kúrò lórí rẹ̀.

Nítorí náà, kẹ́gbẹ́ tó yọ owó aláfọwọ́sowọ́pọ̀ jáde, ẹ rán ẹnì kan lọ sí Cadastre, kó wò ó bóyá ìwé àṣẹ náà wà láàyè àti orúkọ ta ló wà lórí ẹ̀, torí ó lè jẹ́ orúkọ mánéjà fúnra rẹ̀, kì í ṣe ti kọ́ńpìnnì. Ẹ lọ sí CAC, ẹ ní kí wọ́n wá ohun tí kọ́ńpìnnì náà fi dógò fún báńkì. Òfin ní kí wọ́n forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, ẹnikẹ́ni sì lè béèrè. Bí kọ́ńpìnnì bá wó, ẹni tí wọ́n fi dúkìá dógò fún ló ń kọ́kọ́ mú tirẹ̀, onípìn-ín ló ń gbẹ̀yìn, ìgbà míì kò ní bá egungun. Bí wọ́n bá ń ta ṣíà fún gbogbo aráàlú, ẹ béèrè lọ́wọ́ SEC bóyá wọ́n gba àṣẹ. Kẹ́ ẹ sì bi wọ́n, nínú ₦100 tá a bá fún wọn, mélòó ló ń wọ ilẹ̀, mélòó ló ń lọ sọ́wọ́ ẹni tó ta ilẹ̀ fún wọn, mélòó ni wọ́n fi ń ra jíìpù. Bí ó bá ní ọ̀rọ̀ ìdílé ni, ká kàn gbẹ́kẹ̀ lé òun, ẹ rántí pé ọ̀rọ̀ ìdílé kò sí nínú ìwé òfin kọ́ńpìnnì.

Èmi ò sọ pé kẹ́nikẹ́ni má dókòwò sí ìwakùsà o. Gbèsè nìkan kọ́ ló ń ba kọ́ńpìnnì jẹ́. Segilola nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, owó yíyá wà lára ohun tí wọ́n fi kọ́ ọ, góòlù àkọ́kọ́ sì jáde ní 2021. Àmọ́ wọ́n ti gbẹ́ ihò wò, wọ́n ti ka ohun tó wà nísàlẹ̀, kí olówó tó yá wọn, ẹni tó yá wọn sì mọ ọjọ́ tí owó òun máa padà. Àwa tá a fẹ́ ra ìpín lẹ́yìn ìpàdé ẹgbẹ́ lọ́jọ́ Sunday, ǹjẹ́ a mọ̀ ọ́n?

Ẹni tí bàbá tàbí ìyá rẹ̀ bá tajà ní àgọ́ ìwakùsà, tàbí tó ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ATMN, tó bá ṣì ní ìwé owó oṣù, ìwé àwìn tàbí fọ́tò Bukuru àtijọ́ nílé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e síbí ká jọ rí i. Ẹ sọ ọdún tí wọ́n dé Jos àti ìlú tí wọ́n ti wá pẹ̀lú.